Ìrìnàjò àdúrà ọjọ́ mẹ́ta sí òkè Adó-Àwáyè: bí mo ṣe ṣètò rẹ̀ láti Ìbàdàn

Òùngbẹ ló máa ń lé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Adó-Àwáyè kí àdúrà tó parí. Ebi kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù òru náà kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ṣírò omi kí n tó ronú orin tàbí ẹsẹ Bíbélì kankan.

Àwa mẹ́rin la lọ. Báàgì píọ̀ wọ́tà méjì ni mo rà ní Bódìjà: ọ̀rá 40, ìyẹn lítà 20, tó sì wúwo tó kílò 20. Ẹ má ṣe ki ọ̀rá bẹ́ẹ̀ sínú àpò ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fẹ̀yìn ti àpáta báyìí, igun ọ̀rá á bẹ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì á sì mu omi yó. Ike lítà kan àbọ̀ ni mo da omi sí, ọ̀rá mẹ́ta sí ike kan. Ọ̀rá 36 kún ike 12, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ike mẹ́ta. Ọ̀rá mẹ́rin tó kù la mu lójú àtẹ̀gùn. Lítà mẹ́rin àbọ̀ yìí tó ẹnì kan láti ìdájí Sátidé títí di àárọ̀ Sọ́ńdè nígbà ọyẹ́. Lóṣù Kẹta, ẹ fi ike kan kún un. Ẹ má gbójú lé adágún Ìyàkẹ́ tó wà lórí òkè. Omi tí àwọn ará ìlú ń bọ̀wọ̀ fún ni, gbangba ló sì wà.

Ọ̀nà kò le. Láti Mọ́níyà, ẹ gba Ìjàyè lọ sí Ìsẹ́yìn, kí ẹ tún wọkọ̀ mìíràn níbẹ̀ lọ sí Adó-Àwáyè. Ọ̀sán Fúráídè la gbéra ká lè dé kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ọkọ̀ láti Ìsẹ́yìn máa ń dín kù bí alẹ́ bá ti ń lẹ́. Ẹ mú owó bébà dání, kó jẹ́ owó kéékèèké. Ẹ máa san owó ìwọlé nísàlẹ̀ òkè, ẹ sì máa wá ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà. Ẹ sọ fún un pé àdúrà lẹ bá wá àti pé ẹ ó sùn sókè. Bí ẹ bá dákẹ́, tó wá bá yín níbẹ̀ lóru, ẹjọ́ ni.

Ìlú la sùn mọ́jú Sátidé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè ní aago mẹ́fà ìdájí pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Àtẹ̀gùn náà lé ní 350, ó sì dá gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. À ń sinmi ní gbogbo 50, ìṣẹ́jú méjì péré. Ẹni tó bá jókòó ju bẹ́ẹ̀ lọ, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ á tutù, dídìde á wá di iṣẹ́. Àtẹ̀gùn kọ́ ni òpin rẹ̀ o. Bó bá parí, àpáta lásán ló kù. Ibi tó bá ní ewédò dúdú, ẹ yà fún un: bó ṣe gbẹ lójú yẹn, ìrì díẹ̀ ló ń wá kó máa yọ̀.

Ẹ̀yin aláṣọ funfun tí kì í wọ bàtà, ẹ̀yin gan-an ni ìdájí yìí wà fún. Àpáta dúdú máa ń gba oòrùn mu. Láti nǹkan bí aago mọ́kànlá, kò ṣeé fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ mọ́. Títí alẹ́ ló máa ń tú ooru náà jáde, tí ẹni tó tẹ́ ẹní sórí rẹ̀ ní aago mẹ́jọ á fi rò pé òun kò nílò bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó di nǹkan bí aago mẹ́ta òru kí àpáta tó tutù, kí ọyẹ́ tó wá gbá a mú. Ẹní méjì lórí ara wọn àti ìbọ̀sẹ̀ ló gbà wá. Kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà láàárọ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa nítorí àkeekèé.

Ààwẹ̀ olómi la gbà, aago mẹ́fà sí mẹ́fà. Èmi kò fara mọ́ ààwẹ̀ gbígbẹ lórí àpáta. Orí fífọ́ àti òòyì tí àwọn kan ń pè ní ìkọlù, òùngbẹ ló sábà máa ń jẹ́. Mo po omi oníyọ̀ dání: lítà omi kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí kò kún ju etí lọ, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Aláboyún, alátọ̀gbẹ àti ẹni tí ọgbẹ́ inú ń dà láàmú lè gbàdúrà tiwọn nísàlẹ̀ òkè.

A pín àdúrà sí ìdájí, ìrọ̀lẹ́ àti ààjìn. Láàárín ọ̀sán, abẹ́ òjìji àpáta la wà, kálukú pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni òkè yìí ti dùn jù: atẹ́gùn nìkan lẹ ó máa gbọ́, òrùlé páànù ìlú á sì máa kọ mànà nísàlẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀ sílé. Ohùn máa ń rìn jìnnà lórí òkè, Ọlọ́run kò sì dití.

Bí ẹ bá gbọ́ àrá, kódà kó jẹ́ lókèèrè, ẹ fi àdúrà sílẹ̀ kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kò síbi ìsádi lórí àpáta gbalasa, igi tó dá dúró kì í sì í ṣe ibi àsálà.

Aago méje Sọ́ńdè la sọ̀. Orúnkún ló ń jìyà nígbà yìí: ẹ fẹ̀gbẹ́ sọ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ìkejì, kí ẹ má sì sáré. Gbogbo ọ̀rá àti ike la kó padà. Ẹ̀kọ gbígbóná la kọ́kọ́ mu nísàlẹ̀, àmàlà dúró de ìrọ̀lẹ́ nílé.