Ẹ́ńjìnnì Àtijọ́ ti Ọkọ̀ Òfúrufú Àfiṣeré: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tàn Án

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ gégi lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù fún jẹnẹrétọ̀ kékeré rí, ẹ ti mọ ìlàjì iṣẹ́ yìí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfúrufú àfiṣeré tí ẹ bá bá nínú àpótí àwọn àgbà ilé, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ náà ni: inú epo rẹ̀ ni ọ́ìlì rẹ̀ wà. Epo yẹn gan-an ló yàtọ̀. Ẹ má rọ nǹkan kan sí i títí ẹ ó fi mọ irú èyí tó jẹ́.

Ẹ wo orí rẹ̀

Bí ẹ bá rí pulọ́ọ̀gì tí iná ń fò lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ọ̀kadà, tí wáyà ti ibẹ̀ lọ sí kọ́ìlì àti bátìrì, ìran àgbà ni. Ẹ́ńjìnnì Brown Junior tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1934 wà lára wọn. Bẹntiróòlù ìdá mẹ́ta, ọ́ìlì tó ki ìdá kan, ni oúnjẹ rẹ̀.

Pulọ́ọ̀gì mìíràn wà tí iná kì í fò lẹ́nu rẹ̀; wáyà tín-ín-rín tó lọ́ ni ẹ ó rí nínú rẹ̀. Ray Arden, ará Amẹ́ríkà kan, ló gbé e jáde fún títà ní 1947. Bátìrì fóltì kan ààbọ̀ ni ẹ ó fi mú wáyà náà pọ́n. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti tàn, ẹ yọ bátìrì. Ooru inú rẹ̀ àti mẹ́tánọ̀ọ̀lù, ìyẹn irú ọtí olóró kan tí a kì í mu, yóò máa mú un pọ́n lọ. Bátìrì mọ́tò yóò jó o lójú ẹsẹ̀. Mẹ́tánọ̀ọ̀lù ni epo rẹ̀, pẹ̀lú òróró lárà ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Èyí tí kò ní pulọ́ọ̀gì rárá, tí irin bíi lẹ́tà T wà ní àtàrí rẹ̀, dísẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín: dísẹ̀lì ilé epo kò ní í tàn án. Ether (kẹ́míkà olómi kan tó tètè ń gbaná), kẹrosíìnì àti òróró lárà ní ìwọ̀n kan náà ni epo rẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì Mills àti ED ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú irú èyí.

Bí kò bá yí

Òróró lárà tó ti gan ló sábà ń dè é. Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó dára ti ń kú, nítorí wọ́n á fi píláyà dì í mú, wọ́n á fipá yí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ yá ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun, kí ẹ fi fẹ́ ooru sí i títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná dáadáa, kí ẹ wá rọra fọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tú gbogbo ohun oníke ara rẹ̀, ẹ rì í sínú mẹ́tánọ̀ọ̀lù mọ́jú. Lẹ́yìn èyí, ẹ má gbé e súnmọ́ ooru àfi tó bá gbẹ tán. Ẹ má sì fi sáńpépà kan písítìn: ọ̀pọ̀ wọn kò ní rìńgì, bí písítìn ṣe bá ihò rẹ̀ mu régí ló fi ń há afẹ́fẹ́ mọ́.

Títàn

Ẹ fi bóòtù dè é mọ́ pákó tó le. Nígbà ọyẹ́, ẹ má tàn án níta gbangba. Eruku ń jẹ písítìn. Ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, igi tí ẹ wé rọ́bà táyà mọ́ ni kí ẹ sì fi gbá a. Bí dísẹ̀lì bá há gbọnin, epo ló kún inú rẹ̀: ẹ tú irin T sókè díẹ̀, kí ẹ da epo náà jáde. Bí ẹ bá fipá yí i, ọ̀pá inú rẹ̀ á tẹ̀.

Mẹ́tánọ̀ọ̀lù

Ó ń fọ́ni lójú, ó sì ń pani. Òun ni àyẹ̀wò fi hàn nígbà tí ògógóró pa àwọn ènìyàn ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Òǹdó, ní 2015. Ẹ má rọ ọ́ sínú ike omi tàbí ìgò ọtí láéláé. Lọ́sàn-án, iná rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn sójú. Ether tún yára gbaná jù ú lọ. Bí ọmọdé tàbí àgbà bá tọ́ mẹ́tánọ̀ọ̀lù wò, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá ṣáṣá, torí ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ẹ mú ike náà dání kí dókítà lè rí i.