Kẹ́ ẹ tó sanwó Porsche Boxster àtijọ́, ẹ yẹ ẹ́ wò dáadáa

Tẹ́ ẹ bá ń gbé UK tẹ́ ẹ sì fẹ́ràn mọ́tò tó ń sáré, ó dá mi lójú pé Boxster ti yọjú sí yín lórí fóònù rí. Ìjókòó méjì, òrùlé ẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn ìjókòó, orúkọ Porsche ń bẹ nídìí ẹ̀, síbẹ̀ owó tí wọ́n ń pè é ò ju ti Toyota kékeré kan lọ. Èyí tí mò ń sọ ni àkọ́kọ́ gan-an, 986, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1996 tó sì parí ní 2004. Mọ́tò gidi ni, ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé kò dáa. Àmọ́ owó tí wọ́n ń pè é ò sọ nǹkan kan fún yín, ọwọ́ ẹni tó ti ń lò ó bọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ wò.

Ilé lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà mọ́tò náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ lọ sórí GOV.UK níbi tí wọ́n ti ń wo àkọsílẹ̀ MOT (àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún mọ́tò lọ́dọọdún), ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má kàn wo pé ó pàsì o, ẹ ka ohun tí wọ́n kìlọ̀ sí abẹ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá sọ ní 2019 pé páìpù bíréèkì ti ń dógùn-ún, tí wọ́n tún sọ ọ́ ní 2020, tí 2021 náà tún rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ irú èèyàn tó ni ín nìyẹn. Ẹ fojú bá máìlì ẹ̀ lọ láti ọdún dé ọdún, tẹ́ ẹ bá rí i tó lọ sẹ́yìn, ẹ pa á tì. Èyí tó rin máìlì 500 péré lọ́dún náà ò yẹ kó múnú yín dùn jù, torí mọ́tò tó bá jókòó pẹ́, rọ́bà ẹ̀ á gbẹ, ọ́ìlì á sì wá ọ̀nà jáde.

Tó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù lẹ̀ ń gbé, ẹ tún tẹ nọ́ńbà yẹn sórí wẹ́ẹ̀bù TfL, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù. Láti August 2023 ni ULEZ, ìyẹn àgbègbè tí mọ́tò tó ń tú èéfín burúkú jáde ti ń sanwó, ti gba gbogbo Lọ́ńdọ̀nù, £12.50 lójúmọ́ fún mọ́tò tí ò bá pàsì, àwọn Boxster yìí sì wà tó pàsì, wọ́n wà tí ò pàsì, ẹ má gba ti ẹnu ẹni tó ń tà á. Ẹ béèrè iye ìnṣọ́ọ̀ránsì kẹ́ ẹ tó lọ wò ó, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, torí ibẹ̀ ni inú ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bàjẹ́. Kẹ́ ẹ sì san owó kékeré kẹ́ ẹ fi wò ó bóyá gbèsè ṣì wà lórí ẹ̀, torí tí ẹni tó tà á fún yín bá jẹ báńkì lówó lórí mọ́tò yẹn, wọ́n lè wá gbé e lẹ́nu ọ̀nà yín.

Ìyá ọ̀ràn gan-an rèé: IMS. Ọ̀pá kan tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn tó ń yí àwọn ṣéènì, bíárìn kékeré kan ló sì gbé ẹ̀yìn ọ̀pá náà dúró. Tí bíárìn yẹn bá fọ́, ṣéènì á sọ ọwọ́ nù, fáàfù àti písítìnì á máa kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn, òmíràn sì lè wọ́n ju mọ́tò fúnra ẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń fọ́ o, ọ̀pọ̀ ń rìn títí di òní tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n, àwọn tètè-dé tí bọ́ọ̀lù inú bíárìn wọn tò ní ìlà méjì lágbára díẹ̀, àwọn tó dé lẹ́yìn tó jẹ́ ìlà kan làwọn èèyàn ń bẹ̀rù jù. Ìbéèrè yín ni pé, ṣé wọ́n ti pààrọ̀ bíárìn yẹn? Rìsíìtì dà? Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ giábọ́ọ̀sì kalẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ni ọlọ́gbọ́n máa ń ní kí wọ́n kúkú ṣe bíárìn yẹn pọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì lọ́dún tó kọjá ṣùgbọ́n òun ò fọwọ́ kan IMS, ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ máa tún sanwó iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kejì.

Tó bá di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ wò ó, ẹ bẹ ẹni tó ń tà á kó má tan mọ́tò náà kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn mọ́tò náà, tó bá ti ń gbóná, ẹ bi í léèrè ìdí. Ẹ má wá ẹ́ńjìnnì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì o, búùtù ló wà níbẹ̀, búùtù méjì ló ní. Èyí tó wà lẹ́yìn lẹ máa ṣí, ibẹ̀ lẹ ti ń wo ọ́ìlì àti omi. Ẹ fọwọ́ tẹ kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, tí omi bá ti rin ín, ike tó ń gba omi ẹ́ńjìnnì ti sán nìyẹn, wọ́n mọ̀ ọ́n fún un. Kí wọ́n wá tan án. Èéfín díẹ̀ tó rú tó sì lọ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe nǹkan, bí ẹ́ńjìnnì tó dùbúlẹ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àmọ́ tó bá ń rú lọ láì dúró, tàbí tí ẹ́ńjìnnì ń dún jangan-jangan kọjá ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò méjèèjì iwájú, rédíétọ̀ wà níbẹ̀, ewé máa ń kó sí i, ewé yẹn á jẹrà á sì máa jẹ irin. Ẹ ṣí òrùlé ẹ̀, ẹ tún pa á dé. Fèrèsé ẹ̀yìn ike ni títí di 2002, ó máa ń ya, láti 2003 ló di gíláàsì. Ẹ ki ọwọ́ bọ kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ síìtì, torí ojú ihò omi òrùlé máa ń dí, omi á wá wọlé lọ bá àpótí wáyà tó wà níbẹ̀, mọ́tò ò sì ní gbà kẹ́ ẹ tan òun mọ́.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára ẹ̀, 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ní 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà mẹ́rin, orúkọ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Ahun ló ni mọ́tò yẹn, ó sì dájú pé kò náwó sórí ọ́ìlì náà.

Tí gbogbo ìyẹn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sanwó fún mẹkáníìkì tó mọ Porsche kó gbé e sókè. Kì í ṣe bọ̀dá yẹn tó ń tún Corolla gbogbo wa ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì o, ẹ má bínú. Kó wo ibi tí ọ́ìlì ti ń jò láàárín ẹ́ńjìnnì àti giábọ́ọ̀sì, kó gé fílítà ọ́ìlì wò bóyá irin tó ń dán wà nínú ẹ̀, kó fi kọ̀ǹpútà ka bí wọ́n ṣe ti fi tipátipá wà á tó. Ẹni tí ò bá gbà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, Boxster ò wọ́n níta.

Lójú tèmi, èyí tó ti rin máìlì 110,000 tí fáìlì rìsíìtì ẹ̀ nípọn dáa ju èyí tó rin 45,000 tí kò níwèé kankan. Tó bá sì jẹ́ £7,000 lẹ ní, ẹ ra ti £5,000, kẹ́ ẹ fi èyí tó kù pamọ́ fún àtúnṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rò ó láti fi ránṣẹ́ sílé, ẹ gbà á rò dáadáa: ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn UK wà, apá ọ̀tún títì la sì ti ń wà ní Nàìjíríà láti 1972, ká má tíì sọ ti kòtò tí mọ́tò tó lọlẹ̀ báyẹn máa bá pàdé.

Ẹ ná an o, ẹ má tijú, ẹ fi ìwé mẹkáníìkì yẹn hàn án, ẹ yọ owó táyà, ẹ yọ owó kílọ́ọ̀ṣì. Tẹ́ ẹ bá fẹnu kò, ẹ gba bébà aláwọ̀ ewé tó wà lára V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò, kẹ́ ẹ sì ti ṣe ìnṣọ́ọ̀ránsì àti táàsì lórúkọ yín kẹ́ ẹ tó wà á kúrò níbẹ̀, torí táàsì ẹni tó tà á kì í tẹ̀ lé mọ́tò.