Bí ẹ ṣe lè gbin tòmátì wẹ́wẹ́ sínú ike ọ̀dà lórí bàkónì

Bẹ́ ò tiẹ̀ ní ju bàkónì tóóró kan lọ l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, ẹ lè gbin tòmátì, ó dá mi lójú. Tòmátì wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní cherry ni kẹ́ ẹ mú o, ó máa ń fara da ooru ju àwọn ńláńlá yẹn lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo oòrùn ibẹ̀. Tí ò bá ràn síbẹ̀ tó wákàtí 6 lójúmọ́, ewé lásán lẹ máa rí, ẹ yáa wá ibòmíì, ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì náà dáa.

Ní tèmi, ìparí September sí October ló dáa jù láti gbin hóró ẹ̀, torí òjò gan-an ni ọ̀tá tòmátì lọ́dọ̀ wa níbí, tó bá ti ń rọ̀ lé e lórí lójoojúmọ́ ewé á máa rà, àti pé tí òru bá ti móoru jù òdòdó á kàn máa já bọ́ láìso, àmọ́ tó bá bọ́ sásìkò ọyẹ́ tí òru tutù, á so dáadáa.

Inú ike áísíkrímù lẹ máa kọ́kọ́ gbìn ín sí, kẹ́ ẹ da ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Láàárín ọjọ́ 5 sí 10 á ti hù, ẹ tètè gbé e síbi tó mọ́lẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ga tẹ́ẹ́rẹ́.

Kó tó dàgbà, ẹ wá ike ọ̀dà oní lítà 20, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lu ihò mélòó kan sí ìdí ẹ̀. Ẹ má fo ihò yìí rárá, tómi bá dúró síbẹ̀ gbòǹgbò á rà. Ilẹ̀dú ọ̀nà méjì, ìgbẹ́ adìẹ ọ̀nà kan, yanrìn ọ̀nà kan, ẹ pò ó pọ̀. Ìgbẹ́ adìẹ yẹn gbọ́dọ̀ ti jẹrà o, tó bá ṣì ń rùn kò tíì ṣe é lò, á jó gbòǹgbò.

Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ẹ lọ́ ọ nírọ̀lẹ́, ẹyọ kan sínú ike kan. Ẹ rì í wọlẹ̀ dé abẹ́ ewé, torí ara igi tó bá wà nínú ilẹ̀ náà máa yọ gbòǹgbò. Ẹ ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn kan náà.

Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa bomi rin ín, ìdí ẹ̀ nìkan, ẹ má bu omi sórí ewé. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ìdí èso ń dúdú tó ń rà, ẹ má sáré lọ ra oògùn kankan, omi tẹ́ ẹ ń bu lónìí tẹ́ ẹ ń gbàgbé lọ́la ló sábà máa ń fà á, torí omi ló ń gbé calcium, ìyẹn èròjà inú ilẹ̀ tí èso nílò, dé inú èso. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ẹ̀, kì í jẹ́ kó tètè gbẹ.

Tó bá yọ òdòdó, ẹ máa fìka ta igi ẹ̀ jẹ́jẹ́ láàárọ̀, pàápàá lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí atẹ́gùn ò dé, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun inú òdòdó ẹ̀ dà síbi tó yẹ kó sì so.

Kòkòrò funfun wínníwínní abẹ́ ewé, ẹ fi omi ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ wọ́n ọn nírọ̀lẹ́. Àmọ́ tí igi bá ṣàdédé rọ nígbà tí ilẹ̀ ẹ̀ ṣì tutù, tí kò sì jí padà, ẹ fà á tu, kẹ́ ẹ da tòun tilẹ̀ nù, ẹ má fi ilẹ̀ yẹn gbin ata tàbí ìgbá o, àìsàn kan náà ló ń mú wọn.

Bí oṣù méjì lẹ́yìn tẹ́ ẹ lọ́ ọ lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Tó bá ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ká a kẹ́yẹ má bàa ṣá a, á parí pípọ́n nínú kíṣìnì.