Bí a ṣe ń di irinṣẹ́ àti ẹrù sára kẹ̀kẹ́ asáré, láti Ìlọrin dé Ọ̀fà

Àárín Ìdófìàn sí Àjàṣẹ́-Ìpo ni táyà ẹ̀yìn mi ti jò lọ́jọ́ kan. Omi àti fóònù nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, torí mo rò pé ibi gbogbo ni fọkanáísà wà lójú ọ̀nà yẹn. Fọkanáísà wà lóòótọ́. Mo ti kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bàbá náà fa ọ̀pá afẹ́fẹ́ jáde, ó wo ẹnu túùbù mi, ó tún un wò. Ó ní, "Bùrọ̀dá, irú ẹnu tín-ín-rín wo nìyí?" Ọ̀pá rẹ̀ kò wọ̀ ọ́. Túùbù ọ̀kadà ló kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó lè wọ inú táyà mi. Bọ́ọ̀sì ni mo bá wọ̀ padà sí Ìlọrin.

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo bá mọ̀ pé mo lè rà lójú ọ̀nà, mi ò gbé e. Omi inú ọ̀rá, búrẹ́dì, wàrà, àgbàdo sísun, gbogbo ìyẹn ń dúró dè yín. Ohun tí kẹ̀kẹ́ olọ́wọ́ ìwo àgbò yìí nílò tí ọjà ẹ̀bá ọ̀nà kò ní ni kí ẹ dì.

Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ kí ẹ tó di ohunkóhun. Túùbù tuntun ló ṣáájú. Ẹyọ kan tó fún ìrìn kúkúrú. Bí mo bá ń kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, méjì ni mo máa ń mú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín kí ẹ tó rà á: bí wọ́n bá kọ 700×25 síbẹ̀, túùbù tó bá nọ́ńbà yẹn mu ni kí ẹ béèrè. Ẹ wo gígùn ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ríìmù yín bá jinlẹ̀, ẹnu kúkúrú kò ní yọ síta tó, pọ́ǹpù kò sì ní rí ohun tí yóò gbá mú.

Lẹ́yìn náà, ọ̀pá ike pẹlẹbẹ méjì tí a fi ń yọ táyà lára ríìmù. Ẹ má fi ìdí ṣíbí rọ́pò rẹ̀ o. Irin a máa bu túùbù jẹ. Páàṣì mélòó kan, ìyẹn ègé rọ́bà tí a fi ń lẹ ojú ibi tí túùbù ti lu, sáńpépà kékeré àti sọ̀lúṣàn náà wà níbẹ̀. Sọ̀lúṣàn tí a bá ti ṣí kì í pẹ́ gbẹ nínú ooru wa, nítorí náà ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó jáde.

Álíìnkíì olójú púpọ̀ tó ń ká pọ̀ bí ọ̀bẹ tún ṣe pàtàkì. Ojú mílímítà 4, 5 àti 6 ló ń tú ọ̀pọ̀ bóòtù kẹ̀kẹ́ asáré, láti ìjókòó dé ọwọ́. Bí ó bá ní èyí tó ń já ṣéènì, ẹ fi ojú ṣéènì kan tó ń ṣí tó sì ń pa dé sí i, irú tó bá iye gíà ẹ̀yìn yín mu. Ẹ gé táyà àtijọ́ díẹ̀, tó ìka méjì ní gígùn. Táyà tírélà tó bẹ́ máa ń fi wáyà tíntìntín sílẹ̀ létí títì. Bí gíláàsì tàbí irin bá fa táyà yín ya, ègé yìí ni ẹ ó tẹ́ sí abẹ́ ojú ibẹ̀ kí túùbù má baà yọ síta.

Èyí tó kéré jù nínú wọn ni mo fẹ́ràn jù: irin ide kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ẹ ó kọ́kọ́ tú orí ẹnu túùbù, ẹ ó wá yí irin náà mọ́ ọn, ẹnu tín-ín-rín á sì di ẹnu táyà mọ́tò. Ká ní mo ní in lọ́jọ́ yẹn, tí mo sì lẹ túùbù mi, ọ̀pá bàbá yẹn ì bá wọ̀ ọ́. Ẹ ṣáà bẹ fọkanáísà kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà hàn án, torí túùbù kékeré kì í pẹ́ kún.

Dídì ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe. Bí irin àti túùbù bá wà pọ̀ láìwé, gbígbọ̀n ojú ọ̀nà á mú kí irin máa ha túùbù títí yóò fi lu. Ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ ni ẹ ó mọ̀. Ẹ fi páúdà pa túùbù lára, ẹ wé e sínú ọ̀rá, kí ẹ sì kó irin sínú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́. Kí gbogbo rẹ̀ wọ àpò kékeré abẹ́ ìjókòó, tí a so mọ́ irin ìjókòó àti òpó rẹ̀, kó má máa gbá itan yín. Ẹ ká ìdí okùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà kó sí táyà. Ẹni tí kò bá ní àpò lè gé ọrùn ike omi kan, kó dì í sínú rẹ̀, kó sì fi í sí ibi tí ike kejì ń wà.

Pọ́ǹpù kékeré, ẹ̀gbẹ́ ike omi ni kí ẹ dè é sí. Àwọn kan ń gbé agolo gáàsì. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń fẹ́ táyà, ó tán. Pọ́ǹpù kì í tán. Ẹ má fi ọ̀rá kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rárá, torí ó lè kó sínú táyà iwájú, ẹ ó sì fojú lálẹ̀. Àpò ẹ̀yìn náà, nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà ní Ìlọrin? Ẹ gbà mí.

Àpò mẹ́ta tó wà lẹ́yìn aṣọ tí a fi ń gun kẹ̀kẹ́ ni ti ohun ara ẹni. Fóònù nínú ọ̀rá, owó tí a ti ṣẹ́, káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé tí a kọ nọ́ńbà ará ilé sí, kí wọ́n wà lápá òsì. Oúnjẹ wà lápá ọ̀tún. Ànàmọ́ sísè ni tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Ọ̀fà á fi mí rẹ́rìn-ín pé mò ń gbé ànàmọ́ bọ̀ nílé wọn. Ohun rírọ̀ nìkan ni kí ẹ fi sáàárín, bí aṣọ òjò. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn ṣubú, kọ́kọ́rọ́ tàbí irin tó wà níbẹ̀ á gún yín lọ́pàá ẹ̀yìn.

Kí ẹ tó gùn ún, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó balẹ̀. Ohun tó bá dún, ẹ tún un dì. Bí ẹ bá sì lo túùbù kan lọ́nà, ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ẹ tó lọ wẹ̀.