Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí A Bá Ń Fi Àṣà Wé Àṣà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwọn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, tó ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì lórí ìṣàkóso tàbí ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ló ń gba ọ̀nà kan náà. Bí wọ́n bá dé orí kejì, wọ́n á dárúkọ Geert Hofstede, onímọ̀ tó fi nọ́ńbà wọn àṣà àwọn orílẹ̀-èdè, wọ́n á kó nọ́ńbà díẹ̀ kalẹ̀, wọ́n á sì ní: báyìí ni àwọn ará Kàbà ṣe máa ń ronú. Ó ń dùn mí, nítorí ìyá àti bàbá wọn ni wọ́n ń kọ̀wé nípa wọn. Ohun tí wọ́n fojú rí nílé kì í sí nínú ìwé náà rárá.

Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà orílẹ̀-èdè ṣèdájọ́ ẹnì kan. Èyí ló burú jù. Ìwé ìbéèrè tí IBM, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, pín fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọdún 1967 sí 1973 ni Hofstede, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, fi ṣiṣẹ́. Ìwé ìbéèrè náà lé ní 100,000. Ó ro ìdáhùn àwọn ará orílẹ̀-èdè kan pọ̀, ó pín in dọ́gba, ó wá fi orílẹ̀-èdè wé orílẹ̀-èdè. Òun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ gbé nọ́ńbà wọ̀nyí ka ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí. Tíṣà kan ní Mọ̀pà lè máa ronú bí ọ̀pọ̀ ará Swídìn, kí aládùúgbò rẹ̀ má ronú bẹ́ẹ̀, kí nọ́ńbà orílẹ̀-èdè má sì yẹ̀.

Ibo gan-an ni nọ́ńbà tí a ń pè ní tiwa ti wá? Nínú ìwé Hofstede, Nàìjíríà kò dá dúró. Wọ́n kó Gánà, Nàìjíríà àti Sierra Leone pọ̀, wọ́n pè é ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Agbègbè yìí gba 77 lórí bí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ṣe gbà pé agbára kì í dọ́gba, ó gba 20 lórí bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń dá dúró fún ara rẹ̀. Amẹ́ríkà gba 40 àti 91. Nígbà náà, kò tíì sí ìpínlẹ̀ Kogí. Ọdún 1991 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Kí ló pa àgbẹ̀ tó ń kọ ebè iṣu ní Bùnú pọ̀ mọ́ òṣìṣẹ́ IBM? Bí ẹ bá fẹ́ lo nọ́ńbà náà, ẹ sọ ibi tó ti wá fún ẹni tó ń kàwé yín.

Ẹ má sì ka 77 bí máàkì ìdánwò. Kì í ṣe 77 nínú 100. Malaysia gba 104 lórí ìwọ̀n kan náà. Ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ kò ju ipò tí ibì kan wà sí ibòmíràn lọ.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà: kí èèyàn máa lo orúkọ òṣùwọ̀n láìmọ ìbéèrè tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló gbé òṣùwọ̀n agbára yẹn ró, ti ọ́fíìsì sì ni gbogbo wọn. Ṣé ẹ̀rù máa ń ba òṣìṣẹ́ láti sọ pé òun kò gbà pẹ̀lú ọ̀gá? Irú ọ̀gá wo ni ọ̀gá wọn? Irú ọ̀gá wo ni wọ́n fẹ́? Kò sẹ́ni tó béèrè nípa ìkúnlẹ̀ kí àgbà. Síbẹ̀ mo ti ka ìwé tó ní ọmọbìnrin Ìyàgbà máa ń kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, nítorí náà 77 tọ́. Ọmọ tó kúnlẹ̀ ní òwúrọ̀ lè jókòó sí ìpàdé ẹbí ní ìrọ̀lẹ́, kó sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ kò dára, kí wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀.

Ìtàn wa pàápàá kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ilẹ̀ Okun kò ní ọba kan ṣoṣo tó jẹ lórí gbogbo wa bí Aláàfin ṣe jẹ ní Ọ̀yọ́. Adé Ọbáyẹmí, onímọ̀ ìtàn, ṣàlàyé bí àwọn ìlú kékeré ṣe ń dá ara wọn ṣàkóso níhìn-ín. Ní Owé, ìyẹn ní Kàbà, oyè ní ìpele, ọkùnrin sì máa ń gùn ún díẹ̀díẹ̀. Ìwé ìbéèrè IBM kò lè rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín irú ìlú bẹ́ẹ̀ àti ìlú tí àṣẹ ti ń wá láti ààfin kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni 20 yẹn rí, èyí tí a gbà lórí bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń dá dúró. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń fẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n: àyè fún ìgbésí ayé ara ẹni, òmìnira láti ṣe iṣẹ́ bó ṣe wù ú, iṣẹ́ tó fúnni ní ìpèníjà, ní ìhà kan, ẹ̀kọ́ṣẹ́, ibi iṣẹ́ tó dára, lílo gbogbo ìmọ̀ ẹni, ní ìhà kejì. Ẹ wá wo àáró. A jọ ń ro oko ara wa ní títò-tẹ̀lé, ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á ní àjọṣe lásán ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbàgbé iye ọjọ́ tí òun ti ṣe ní oko ẹlòmíràn, ẹni tí kò bá sì san tirẹ̀ padà á rí i pé kò sẹ́ni tó máa wá sí oko òun. Ìṣirò ẹnì kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá kọ “àwọn Okun fẹ́ràn àjọṣe” láìṣàlàyé èyí kò tíì sọ nǹkan kan.

Ní ìpínlẹ̀ wa, àwọn kan tún fẹ́ fi Okun wé Ẹ̀bìrà àti Ígálà. Kò burú. Àmọ́ ẹ má fi àgbẹ̀ Ìjùmú wé akọ̀wé ìjọba Ẹ̀bìrà ní Lọ́kọ́jà. Ohun tó fún iṣẹ́ Hofstede lágbára ni pé ilé-iṣẹ́ kan náà àti irú iṣẹ́ kan náà ni àwọn tó dáhùn ń ṣe, tí orílẹ̀-èdè wọn fi jẹ́ olórí ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Tíṣà ni kí ẹ fi wé tíṣà, ọlọ́jà ni kí ẹ fi wé ọlọ́jà, kí ọjọ́ orí wọn sì sún mọ́ra. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lẹ fi wéra, tí ẹ pè é ní ẹ̀yà.

Ẹ má da ìmọ̀ àwọn onímọ̀ pọ̀ mọ́ra. Shalom Schwartz, onímọ̀ tó ń wádìí ohun tí èèyàn kà sí pàtàkì, ní ìlànà mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ní méje fún àwùjọ. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó bi ní ìbéèrè. Mẹ́wàá náà kì í ṣe fún àwùjọ. Ó tún kíyè sí i pé àwọn kan máa ń fún gbogbo nǹkan ní máàkì ńlá, nítorí náà ó ní kí a kọ́kọ́ ro gbogbo ìdáhùn ẹni náà pọ̀, kí a pín in dọ́gba, kí a sì yọ ohun tó bá jáde kúrò nínú ìdáhùn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í ṣe é, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà wa fẹ́ràn láti dáhùn pé “ó ṣe pàtàkì gan-an” sí gbogbo ìbéèrè, kí inú ọmọ tó wá bi wọ́n lè dùn. Ẹ má sì bi ìyàwó ilé níwájú baálé rẹ̀.

Ẹ yé kọ ọ́ bíi pé àṣà kì í yí padà. Ìwádìí World Values Survey, tó ń bi àwọn ará ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní ohun tí wọ́n kà sí pàtàkì, tí Ronald Inglehart ṣe aṣáájú rẹ̀, ti ń lọ láti ọdún 1981, Nàìjíríà sì wọ̀ ọ́ ní ọdún 1990. Àwọn fáìlì rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ tó fi Nàìjíríà wé Jámánì, ẹ gbé fáìlì ti Nàìjíríà kalẹ̀, ẹ fi ọ̀dọ́ wé àgbà nínú rẹ̀, kí ẹ tún fi ẹni tó dé yunifásítì wé ẹni tí kò dé bẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá rí síbẹ̀ sínú orí kẹrin.