Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Da Ìkòkò Alumíníọ̀mù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da ìkòkò, ẹ gbọ́ mi. Owó yín kì í sábà ṣòfò nídìí ìléru. Ibi tẹ́ ẹ ti ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ìyẹn àlòkù alumíníọ̀mù tẹ́ ẹ máa yọ́, ló ti ń lọ, àti ibi tẹ́ ẹ ti ń kánjú ju ohunkóhun sínú iná láì wò ó. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń po iyanrìn tàbí bí wọ́n ṣe ń tẹ bátànì, àwòṣe ìkòkò, sínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì mọ ìyẹn, kó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Èkíní, ẹ yé ra agolo bíà àti agolo mínírà ní àpò-àpò. Ara agolo fẹ́lẹ́, ọ̀dà wà lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn wà nínú rẹ̀. Tí iná bá kàn án, púpọ̀ nínú rẹ̀ á di ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí tó ń léfòó lórí irin, ìwọ̀nba tó bá sì yọ́ kì í ṣàn wọ kọ̀rọ̀ bátànì. Ọmọkùnrin kan yá owó ra agolo kún yàrá, ohun tó rí níkẹyìn kò san owó èédú tó fi yọ́ ọ. Písítìnì ẹ́ńjìnnì àti ilé gíà ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ máa rà. Sílíkónì wà nínú wọn, òun ló ń jẹ́ kí irin, ìyẹn alumíníọ̀mù tó ti yọ́, ṣàn dáadáa.

Èkejì, ẹ mú òòfà dání lọ sọ́jà. Ohun tí òòfà bá gbé kì í ṣe alumíníọ̀mù.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù: òjé (lẹ́ẹ̀dì), májèlé ni. Ríìmù ọkọ̀ dára púpọ̀, ẹ máa rí i rà ní Òwódé Onírin. Ṣùgbọ́n ẹ wo etí rẹ̀ àti inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ síná. Irin kékeré tí fọkanáísà kàn mọ́ ọn kí táyà má baà máa gbọ̀n, òjé ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Òjé ń yọ́ ní 327°C, alumíníọ̀mù ní 660°C. Kí ríìmù tó rọ̀ rárá, òjé ti di omi. Díẹ̀ á pò mọ́ irin, ìyókù á lọ jókòó sísàlẹ̀, ìkòkò tẹ́ ẹ bá dà gbẹ̀yìn ló sì máa gbà á. Ojú kò lè rí i, kànìnkànìn kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ìyá ọlọ́mọ kan á rà á, á fi se ọbẹ̀ tòmátì, ohun kíkan inú tòmátì á máa fa òjé jáde díẹ̀díẹ̀ sínú oúnjẹ ọmọ. Ní 2014, àwọn onímọ̀ tó yẹ irú ìkòkò báyìí wò láti Kamẹrúùnù gbé àbájáde wọn síta: òjé ń jáde lára rẹ̀ tí wọ́n bá fi se ohun kíkan. Òjé kan náà ló pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ní Zamfara ní 2010, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Mo sì rí ọ̀gá kan tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ju òjé bátìrì sínú irin, ó ní kí ìkòkò lè wúwo lọ́wọ́ oníbàárà! Láti ọjọ́ náà, mi ò bá a da nǹkan pọ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìkòkò tó wúwo, kó jẹ́ kí ara rẹ̀ nípọn. Rádíétọ̀ bàbà àtijọ́ náà ńkọ́? Òjé wà níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ẹ tà á fún àwọn tó ń ra bàbà.

Ọ̀rọ̀ omi náà wà ńbẹ̀. Bí omi bá di ooru, á fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,600. Ẹ ju písítìnì tí òjò pa sínú irin tó ti yọ́, omi inú ihò rẹ̀ á gbé irin náà fò sójú yín. Mo mọ ẹni tí ojú rẹ̀ ọ̀tún bá a lọ. Ẹ tò ó sétí ìléru kó gbẹ. Ẹ yá ṣíbí tẹ́ ẹ fi ń gbọ́n ìdàrọ́ níná kẹ́ ẹ tó tì í bọ inú irin. Ẹ má wọ sílípáàsì.

Ẹ má dúró dìgbà tí irin bá pọ́n. Lọ́sàn-án, alumíníọ̀mù tó ti yọ́ ṣì máa ń ní àwọ̀ fàdákà. Tó bá ti pọ́n lójú oòrùn, ó ti gbóná jù, ó ti fa afẹ́fẹ́ haidirójìn mu, ihò wẹ́wẹ́ ló máa kún ara ìkòkò. 700 sí 750°C tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gé sílíńdà gáàsì fi ń yọ́ irin, ẹ rántí pé alumíníọ̀mù tó ti yọ́ ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi amọ̀ ra inú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì yẹ ìdí rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó dáná. Tó bá lu lórí iná, gbogbo irin ọjọ́ yẹn ti bá eérú lọ.

Ihò tẹ́ ẹ ń da irin gbà, ẹ jẹ́ kó fẹ̀, kó sì ga. Bí irin bá ń dì, á dín kù tó nǹkan bí ìdá 6 nínú 100, ibi tó nípọn ló sì ń dì gbẹ̀yìn. Tí kò bá rí irin mu láti òkè, ibẹ̀ á jin sínú, ìkòkò á máa jò.

Ẹ má sì da irin lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Bó ti wù kó gbẹ tó lójú, omi ṣì wà nínú rẹ̀, tí irin bá ta sí i, á bú gbàmù. Ẹ tẹ́ iyanrìn gbígbẹ síbẹ̀, kó nípọn tó ìka mẹ́rin.