Ẹńjìnnì CG nínú férémù DT: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí l'Óṣogbo

Látìgbà tí mo ti ń gun máṣíìnì yìí lọ sóko lọ́nà Ìbòkun, táwọn èèyàn rí i pé férémù Yamaha DT175 àtijọ́ ni àmọ́ ohùn ọ̀kadà CG125 ló ń jáde nínú ẹ̀, ìbéèrè ò jẹ́ n sinmi mọ́. Owó máṣíìnì igbó tuntun ò sí lọ́wọ́ mi, òun ni mo ṣe ra férémù tí ẹńjìnnì ẹ̀ ti kú, mo wá wá ẹńjìnnì ọ̀kadà sí i, mo sì ba nǹkan jẹ́ dáadáa kó tó dúró. Àwọn ìbéèrè tó le jù nínú èyí tí wọ́n ń bi mí ni mo kó síbí.

Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ò kàn tún ẹńjìnnì DT yẹn ṣe?

Pátì ni, àbúrò. Two-stroke ni DT (ẹńjìnnì tó ń sun ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo), tí pístìn tàbí bẹ́rìn inú ẹ̀ bá lọ, wàá dúró de ẹni tó máa bá ẹ wá a. CG ńkọ́, 1976 ni Honda ti gbé e jáde, àwọn ará Ṣáínà náà ti ṣe irú ẹ̀ láìmọye, kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta pátì ọ̀kadà l'Óṣogbo tó ò ti ní rí pátì ẹ̀. Kò tiẹ̀ ní ṣéènì táímìn nínú, ọ̀pá ló fi ń ti fáàfù, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó lè fara da ìyà. Àmọ́ mi ò ní tàn ẹ́ o, agbára DT175 ju tiẹ̀ lọ, tó bá jẹ́ eré lò ń wá, má wulẹ̀ ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹńjìnnì ti wọlé, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ tí mo bá ti já sí kòtò báyìí ṣéènì á fò jáde. Mo fà á le, ó tún burú sí i. Mo ti pààrọ̀ ṣéènì lẹ́ẹ̀mejì.

Má ra ṣéènì kẹta o. Ibi tí iṣẹ́ yìí wà gan-an nìyí, gbogbo èèyàn rò pé kẹ́ńjìnnì ṣáà ti jókòó sínú férémù ló ṣòro, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wẹ́dà tó dáa á bá ẹ gbé e jókòó lọ́jọ́ kan. Ibi tí súpúrókẹ́ẹ̀tì (àwo eléyín tí ṣéènì ń yí lé) iwájú bọ́ sí ló máa sọ bóyá máṣíìnì yẹn ṣeé gùn.

Kọ́kọ́ wo bó ṣe gún sí. Wá irin tó gún régé, tẹ́ ẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ súpúrókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn kó nà dé iwájú, kó o rí i pé ó tẹ́ mọ́ tiwájú náà pẹrẹsẹ. Tó bá fi mìlímítà mẹ́ta péré yà, ṣéènì á máa jẹ eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lọ́jọ́ tó bá dé kòtò á fò. Má tẹ férémù o, má sì fi òòlù lu nǹkan kan. Jẹ́ kí àwọn tó ní léètì, máṣíìnì tí wọ́n fi ń gé irin, gé wáṣà tó nípọn fún ẹ, kó o fi ti súpúrókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn síta, tàbí kó o sún ẹńjìnnì fúnra ẹ̀ níbi àwo irin tó gbé e dúró.

Ìkejì ni èyí tó jẹ mí níyà. Nígbà tí fọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, apá irin tó di taya ẹ̀yìn mú, bá ń lọ sókè sódò, ojú bóòtù tó dè é mọ́ férémù ló ti ń yí, ṣéènì ní tiẹ̀ ń yí lójú súpúrókẹ́ẹ̀tì iwájú. Ojú méjì yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà, bí wọ́n bá ṣe jìnnà síra wọn tó ni ṣéènì á ṣe máa le táá máa dẹ̀ tó, tó o bá wọ kòtò ó fà gbọọrọ, bó o bá ti jáde ó ti dẹ̀ jọwọlọ, ibẹ̀ ló ti ń fò. Èmi nígbà àkọ́kọ́ gbé ẹńjìnnì síwájú jù torí mo fẹ́ fàyè sílẹ̀ fún kábúrétọ̀, mo fàyè tó ìka mẹ́rin sílẹ̀ láàárín súpúrókẹ́ẹ̀tì àti fọ́ọ̀kì, ojoojúmọ́ ni mo ń so ṣéènì lójú títì. Mo já gbogbo àwo irin yẹn, mo fà á sẹ́yìn títí ó fi kù díẹ̀ kó kan fọ́ọ̀kì, ìgbà yẹn ni mo tó gbádùn.

Bó o ṣe fà á le yẹn náà ò dáa. Tú ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kúrò, gbé taya ẹ̀yìn sókè díẹ̀díẹ̀ títí àárín súpúrókẹ́ẹ̀tì iwájú, bóòtù fọ́ọ̀kì àti áṣù ẹ̀yìn á fi wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ṣéènì ti le jù lọ, ibẹ̀ ni kó o ti fi ìdẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀, kó o wá dá ṣọ́ọ̀kì padà. Nígbà tí taya bá fi rọ̀ sílẹ̀, wàá rí i pé ó dẹ̀ tó mìlímítà ogójì, àádọ́ta, ọkàn ẹ á fẹ́ sọ pé kó o fà á, má fà á. Tó o bá ti ń rí ọ́ìlì lẹ́yìn súpúrókẹ́ẹ̀tì iwájú, ṣéènì tó le jù ti ń ba síìlì ibẹ̀ jẹ́ nìyẹn, bẹ́rìn ló kàn.

Ká má gbàgbé, wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ṣéènì. Ti CG, 428 ni, láti pínnì sí pínnì jẹ́ mìlímítà 12.7. Tí súpúrókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn bá jẹ́ ti 520, 15.875 nìyẹn, wọn ò lè bá ara wọn ṣe láéláé.

Brọ̀dá, mo wẹ́ẹ̀dì férémù tán, mo kùn ún, ó dùn-ún wò, àmọ́ pọ́ọ̀gì ò tan iná rárá. Rewáyà ní CDI, àpótí kékeré tó ń darí iná pọ́ọ̀gì, ti jóná.

Ó lè jóná lóòótọ́ tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lára máṣíìnì nígbà tẹ́ ẹ ń wẹ́ẹ̀dì. CDI àti bátìrì gbọ́dọ̀ kúrò, ẹńjìnnì náà gan-an gbọ́dọ̀ kúrò, torí iná wẹ́dà tó bá gba inú bẹ́rìn kọjá á ba ojú ẹ̀ jẹ́. Kéèsì ẹńjìnnì tó ti kú, tí kò ní nǹkan kan nínú, ni mo fi wọn tèmi.

Àmọ́ kó o tó ra CDI, ọ̀dà tó o kùn yẹn ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Ẹńjìnnì àti kóìlì gbọ́dọ̀ kan irin lásán, tí ọ̀dà bá wà láàárín, iná ò ní rọ́nà padà. Ha ojú bóòtù dé irin. Lẹ́yìn náà, yọ wáyà tó ń pa iná kúrò lẹ́yìn CDI, CDI CG tó ń gba iná lára màgínẹ́ẹ̀tì, tí wáyà yẹn bá ṣèèṣì kan férémù níbi kan, iná ò ní wá. Tó o bá yọ ọ́ tí iná wá, o ti rí i, kì í ṣe CDI. Gílóòbù àti họ́ọ̀nù DT ńkọ́? Ọ̀pọ̀ DT àtijọ́ ló ń lo 6 volt, ti ọ̀pọ̀ CG jẹ́ 12, kó gbogbo ẹ̀ kúrò.

Epo ń kán nínú kábúrétọ̀ tèmi tí mo bá páàkì. Mo ti pààrọ̀ nídù ẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń dí epo.

Wo bó o ṣe gbé ẹńjìnnì jókòó. Tó bá dagun sẹ́yìn tàbí síwájú ju bó ṣe wà nínú férémù ọ̀kadà lọ, kábúrétọ̀ náà ti dagun nìyẹn, fílóòtì inú ẹ̀ ò ní lè ti epo pa bó ṣe yẹ. Abẹ́ kábúrétọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tí taya méjèèjì bá wà nílẹ̀. Nígbà míì ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí ló há sẹ́nu nídù, àmọ́ ìwọ ti pààrọ̀ tìẹ.

Tó bá jẹ́ pé o yọ fíltà afẹ́fẹ́ kúrò torí àyè, mo bẹ̀ ẹ́, dá a padà. Eruku pupa ọ̀nà oko wa lásìkò ọyẹ́, tó bá ń wọ inú sílíńdà tààrà, oṣù díẹ̀ ríìngì ti jẹ tán. Tí pọ́ọ̀gì ẹ bá funfun bí ẹfun, wo rọ́bà láàárín kábúrétọ̀ àti ẹńjìnnì, afẹ́fẹ́ ń gba ibì kan wọlé.

Ó ń gbọ̀n mí lọ́wọ́ débi pé mi ò lè di háńdù mú.

Ṣé o so orí ẹńjìnnì mọ́ férémù lókè? Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi bóòtù ìsàlẹ̀ nìkan sílẹ̀. Wẹ́ẹ̀dì àwo sí i lókè. Tún wò ó, tó bá jẹ́ òòlù lo fi lu bóòtù kan wọlé, tú gbogbo ẹ̀, jẹ́ kí gbogbo bóòtù wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ kó o tó fún wọn, torí kéèsì yẹn, alumíníọ̀mù ni, etí ẹ̀ á sán.

Ẹ̀gbọ́n, tèmi ò lè gun Òkè-Baálẹ̀ tí mo bá gbé ẹnìkan.

Súpúrókẹ́ẹ̀tì ọ̀kadà lò ń lò, ti ojú títì ni. Tó bá jẹ́ eyín 15 níwájú àti 38 lẹ́yìn, súpúrókẹ́ẹ̀tì iwájú ń yí ní ìgbà 2.5 kí taya tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Fi 14 síwájú, 45 sẹ́yìn, á di 3.2. Agbára tí taya fi ń fa ẹrù á pọ̀ sí i tó ìdá kan nínú mẹ́rin, eré á dín kù lójú títì, tèmi nìyẹn, mi ò kábàámọ̀. Fi ṣéènì kún un, èyí tó wà níbẹ̀ ò ní tó mọ́.

Ṣé màá ṣì máa po ọ́ìlì mọ́ epo bí mo ṣe ń ṣe fún DT?

Rárá o! CG ní ọ́ìlì tiẹ̀ nísàlẹ̀. Tó o bá pò ó, èéfín ni, pọ́ọ̀gì á dúdú, á kú.

Ọmọ mi, tí ọlọ́pàá bá dá mi dúró ńkọ́? Ìwé tí mo ní, ti DT ni.

Ẹ ṣeun, bàbá. Nọ́ńbà férémù àti nọ́ńbà ẹńjìnnì ló wà nínú ìwé yín, méjèèjì ni wọ́n máa yẹ̀ wò, ẹ̀yin sì ti pààrọ̀ ọ̀kan. Ẹ mú ìwé náà lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe páátíkúlà máṣíìnì, kí wọ́n fi nọ́ńbà ẹńjìnnì tuntun sí i, kẹ́ ẹ tó máa gùn ún kọjá Ọláìyá. Wọ́n máa bi yín ní rìsíìtì ẹńjìnnì, torí náà ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tí ò lè kọ nọ́ńbà ẹ̀ sínú rìsíìtì fún yín. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ nu ìdọ̀tí kúrò lójú nọ́ńbà yẹn, ẹ fìka pa á, tó bá jọ pé wọ́n ti fi fáìlì ha ibẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un, bó ti wù kó dọ́pọ̀ tó.